Owó Bébà Nàìjíríà: Láti Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù dé Victoria Island

Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1959, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ní Èkó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni owó bébà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú: ṣílè márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá, pọ́n-ùn kan àti pọ́n-ùn márùn-ún. Òmìnira ṣì ku ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Àsíá Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lórí ọ̀pá níwájú ilé ìjọba, síbẹ̀ orúkọ Nàìjíríà ti wà lórí owó.

Owó wọ̀nyí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan títí di òní. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ara wọn ni 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, nígbà tí báńkì tó fẹ́ kó wọn jáde kò tíì ṣí. Orúkọ tó wà lókè wọn ni Federation of Nigeria, nítorí ìlú ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Odò tó ń ṣàn àti igi ọ̀pẹ ló wà níwájú wọn. Waterlow and Sons, ilé ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló tẹ̀ wọ́n. Orúkọ ìlú, ọjọ́, àwòrán, ìbuwọ́lùwé àti ilé ìtẹ̀wé: nǹkan márùn-ún tí àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tẹ̀ lé àwọn nǹkan márùn-ún yìí láti orí owó kan dé òmíràn yóò rí bí àṣẹ lórí owó Nàìjíríà ṣe kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé Èkó.

Kí bébà tó dé

Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ná fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Òkun Íńdíà, ní erékùṣù Maldives, ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, nígbà tó yá wọ́n tún ń kó irú mìíràn wá láti Zanzibar. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ló ń jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000 ẹyọ. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún àpò kan, òun ni ọ̀kẹ́, 20,000 ẹyọ. Oníṣòwò tó bá fẹ́ san owó ńlá ní láti wá alárùú.

Owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ẹyọ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1894, ni ìjọba gbé iṣẹ́ kíkó owó fàdákà wọlé fún. Báńkì yìí náà ló di First Bank tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Nígbà yẹn, owó tí wọ́n ń ná ní Èkó àti owó tí wọ́n ń ná ní Lọ́ńdọ̀nù kò yàtọ̀ síra. Orí ọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló wà lára méjèèjì.

Ìgbìmọ̀ tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1912, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ìwádìí kan lábẹ́ Lord Emmott ti jábọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀. Ilẹ̀ mẹ́rin ni owó rẹ̀ wà fún: Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone àti Gáḿbíà. Lọ́ńdọ̀nù ni ìgbìmọ̀ náà ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kó owó ìdúró sí. Báńkì tó bá fẹ́ gba ṣílè ní Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbìmọ̀ yìí kì í yá ìjọba lówó, kì í sì í dá sí bí ọrọ̀ ajé ṣe ń lọ nílùú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó fún ni ní owó ìlú, kó sì gba ti Gẹ̀ẹ́sì.

Owó onírin nìkan ló kọ́kọ́ ṣe. Ogun Àgbáyé Kìíní ló fa bébà. Fàdákà wọ́n gógó, ọkọ̀ òkun tí yóò kó o wá sì wà nínú ewu. Ní ọdún 1916, ìgbìmọ̀ náà gbé owó bébà ṣílè méjì, ṣílè mẹ́wàá àti ogún ṣílè jáde. Ṣílè kan olóbébà tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1918. Àwọn wọ̀nyí ni ìyá gbogbo owó bébà tí Nàìjíríà ti ná láti ìgbà náà.

Ará ìlú kò gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Fàdákà ṣeé rì mọ́lẹ̀, ṣeé fi pamọ́ sínú ìkòkò, ṣeé rọ lẹ́gbà ọwọ́. Bébà ń rin nínú òógùn, ikán ń jẹ ẹ́, iná ń jó o. Ní ọ̀pọ̀ ọjà, ẹni tó bá mú bébà wá kò rí iye ọjà tí ẹni tó mú fàdákà wá ń rí gbà, bí iye tí wọ́n kọ sára méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba. Láti ọdún 1920, ìgbìmọ̀ náà yọ fàdákà kúrò nínú owó rẹ̀, ó sì ń fi idẹ rọ ọ́. Ànìní, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ tó ní ihò láàárín ni àwọn tálákà sì ń ná lójoojúmọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Pípẹ́ ló pẹ́ kí owó bébà tó di ohun tí àgbẹ̀ ń gbà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí nìyí tí ṣílè kan olóbébà ti ọdún 1918 fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà àwọn aṣowójọ. Owó kékeré ni, ọwọ́ púpọ̀ ló kọjá, kò sì sí ẹni tó rò pé ó yẹ ní títọ́jú.

Waterlow, ilé ìtẹ̀wé tó bọ́ sínú wàhálà

James Waterlow ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1810. Ìwé òfin ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀, kó tó di pé wọ́n bọ́ sórí sítáǹbù, ìwé ìdókòwò àti owó bébà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ owó nígbà náà gba ọwọ́ àti ojú. Afínnà ni yóò kọ́kọ́ jókòó ti àwo irin, tí yóò fi kálámù irin ṣóńṣó gbẹ́ àwòrán náà sínú rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Odò, imọ̀ ọ̀pẹ, ojú ènìyàn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àkójọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà. Wọ́n á da yíǹkì lé àwo náà, wọ́n á nu ojú rẹ̀ mọ́ kí yíǹkì lè kù sínú ìlà nìkan, wọ́n á sì fi agbára ẹ̀rọ tẹ bébà mọ́ ọn títí bébà á fi fa yíǹkì náà jáde. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ojú owó tuntun fi máa ń rí ṣáláṣálá bí a bá fi ìka pa á. Owú ni wọ́n fi ń ṣe bébà rẹ̀, kì í ṣe igi bíi ti ìwé ìròyìn, nítorí náà kì í tètè ya. Wọ́n tún máa ń fi àwòrán pamọ́ sínú bébà láti ìgbà tí bébà bá ṣì tutù, tí kò hàn àfi bí a bá gbé owó náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ọ̀nà wọ̀nyí ló mú kí ayédèrú ṣòro láti ṣe.

Ṣùgbọ́n Waterlow fúnra rẹ̀ kó sínú ẹ̀tàn kan tí àwọn òǹkọ̀tàn owó kò gbàgbé. Ará Potogí kan, Alves dos Reis, ṣe ìwé àṣẹ èké ní orúkọ Báńkì Potogí ní ìparí ọdún 1924, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Waterlow pẹ̀lú àlàyé pé Àǹgólà ni owó náà ń lọ. Waterlow gbà á gbọ́. Wọ́n tẹ 500 èsíkúdò tó ní àwòrán Vasco da Gama fún un, 200,000 ẹyọ lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, wọ́n sì tún tẹ òmíràn lé e. Kì í ṣe ayédèrú ní ti bébà tàbí yíǹkì. Àwo kan náà tí wọ́n fi tẹ ojúlówó ni wọ́n lò. Àṣírí tú ní oṣù Kejìlá ọdún 1925. Báńkì Potogí pe Waterlow lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1932, níbi tí wọ́n ti ní kí Waterlow san ohun tó lé ní 600,000 pọ́n-ùn. Àmọ́ iṣẹ́ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ìyẹn. Àwọn náà ni wọ́n tẹ ọ̀wọ́ ọdún 1953 fún ìgbìmọ̀ náà, èyí tó ní ọgọ́rùn-ún ṣílè nínú, àwọn náà ni wọ́n sì tẹ owó Nàìjíríà àkọ́kọ́.

Bí Báńkì Àpapọ̀ ṣe dé

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń béèrè báńkì tiwọn tipẹ́. Ní ọdún 1933, Akinola Maja, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní Èkó, ó sì fi hàn pé aláwọ̀ dúdú lè di báńkì mú. Nígbà tí àwọn aṣòfin ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé báńkì àpapọ̀ gan-an ló kù, ìjọba ní kí J. L. Fisher láti Bank of England wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1952. Èsì tó mú wá ni pé kò tíì tó àkókò.

Ọ̀rọ̀ náà kò kú síbẹ̀. Àwọn tí Báńkì Àgbáyé rán wá ní ọdún 1953 dá a lábàá pé kí wọ́n dá báńkì ìjọba kan sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1957, J. B. Loynes, tí òun náà wá láti Bank of England, ṣe ètò bí báńkì náà yóò ṣe rí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ jáde ní ọdún 1958. Gánà ti ṣáájú nínú kíkúrò lábẹ́ ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún yẹn. Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní ọdún 1959, Sierra Leone àti Gáḿbíà sì kúrò ní ọdún 1964.

Gẹ̀ẹ́sì ni gómìnà àkọ́kọ́, Roy Fenton. Ọdún 1963 ni Aliyu Mai-Bornu gba ipò náà, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn. Clement Isong rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1967. Ẹni tó bá ń ṣa owó jọ mọ ìwúlò àwọn déètì wọ̀nyí, nítorí orúkọ gómìnà tó buwọ́ lu owó kan ni yóò sọ àsìkò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, pàápàá nígbà tí wọ́n dẹ́kun kíkọ ọjọ́ sára owó.

Ọdún 1963 yẹn kan náà ni Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè aláààrẹ, tí ìjọba sì bá ilé ìtẹ̀wé Thomas De La Rue dòwò pọ̀ láti dá Nigerian Security Printing and Minting Company sílẹ̀ ní Victoria Island, Èkó. De La Rue ló ti ra Waterlow ní ọdún 1961. Nípa báyìí, ilé ìtẹ̀wé tó jogún iṣẹ́ Waterlow ló kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ owó títẹ̀. Owó tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ gbé orúkọ tuntun, Federal Republic of Nigeria. Odò àti ọ̀pẹ fi àyè sílẹ̀, ilé Báńkì Àpapọ̀ tó wà ní Ojúde Tinúbú sì bọ́ síwájú owó.

Owó lójú ogun

Ọ̀wọ́ yẹn kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé fi dé. Owó púpọ̀ ló wà nínú àwọn báńkì tó wà ní ìhà Ìlà-Oòrùn, ìjọba àpapọ̀ sì rí i pé Biafra, bí ìhà náà ṣe ń pe ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ya kúrò lára Nàìjíríà, lè fi ra ohun ìjà lókè òkun. Ní oṣù Kìíní ọdún 1968, ìjọba kéde pé owó ti yí àwọ̀ padà. Ilé Báńkì Àpapọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀, iye kan náà ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n yíǹkì ti yàtọ̀. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ tirẹ̀ títí ọjọ́ 22 oṣù náà, bébà lásán ló kù sí i lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní yẹn kan náà, Biafra kó owó tirẹ̀ jáde: ṣílè márùn-ún àti pọ́n-ùn kan, tí igi ọ̀pẹ àti oòrùn tó ń yọ wà lára wọn. Ọ̀wọ́ kejì tẹ̀ lé e, tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣílè márùn-ún dé pọ́n-ùn mẹ́wàá. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, owó wọ̀nyí kò ra iyọ̀ mọ́. Ogún pọ́n-ùn péré ni ìjọba san fún àwọn tó ní owó ní báńkì ní àgbègbè náà, bó ti wù kí ohun tí wọ́n fi pamọ́ pọ̀ tó. Ìdílé tó ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn àti ìdílé tó ní ọgbọ̀n gba iye kan náà.

Lóde òní, pọ́n-ùn Biafra wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣowójọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ sì ṣì tuntun bí ìgbà tó kúrò lórí ẹ̀rọ. Èyí tó ti gbó, tó ti fàya, tó sì rí iná ojú ogun ló yẹ kí ọmọ Nàìjíríà fi ọ̀wọ̀ gbà, nítorí ẹnì kan gbẹ́kẹ̀ lé e láti fi bọ́ ọmọ rẹ̀.

Náírà dé

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1971, Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde pé Nàìjíríà yóò kúrò nínú ìṣirò pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó nígbà náà, ni ìtàn sọ pé ó fún owó tuntun náà ní orúkọ. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Owó bébà mẹ́rin ló jáde: àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan, náírà márùn-ún àti náírà mẹ́wàá. Ilé Báńkì Àpapọ̀ ṣì wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ló dùn ún wò. Gẹdú wà lẹ́yìn àádọ́ta kọ́bọ̀, àpò ẹ̀pà tí wọ́n tò gogoro bíi ti Kánò sì wà lẹ́yìn náírà kan. Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó tó ń bọ́ ìlú kí epo rọ̀bì tó gba gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yà síbẹ̀.

Títí di ìgbà yẹn, kò sí ojú ọmọ Nàìjíríà kankan tí wọ́n dárúkọ lórí owó. Oṣù Kejì ọdún 1977 ni ìyẹn yí padà, nígbà tí ogún náírà jáde pẹ̀lú àwòrán Ọ̀gágun Murtala Mohammed, ní àyájọ́ ọdún kan tí wọ́n pa á. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1979, àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e: Herbert Macaulay lórí náírà kan, Abubakar Tafawa Balewa lórí náírà márùn-ún àti Alvan Ikoku lórí náírà mẹ́wàá. Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó jà fún Èkó, tí Gẹ̀ẹ́sì sì sọ sẹ́wọ̀n, wá wà nínú àpò gbogbo ìyá ọlọ́jà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari tún pàṣẹ kí àwọ̀ gbogbo owó bébà yí, àfi àádọ́ta kọ́bọ̀, láti dá àwọn tó ń kó náírà gba ẹnu ibodè lọ́wọ́ kọ́. Àwọn aṣowójọ máa ń to náírà márùn-ún ti 1979 àti ti 1984 síwájú ara wọn: àwòrán kan náà, yíǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1991, àádọ́ta kọ́bọ̀ àti náírà kan di owó onírin, owó bébà wọn sì kásẹ̀ ńlẹ̀. Àwòrán Awólọ́wọ̀ jáde lórí ọgọ́rùn-ún náírà ní oṣù Kejìlá ọdún 1999. Ti Mai-Bornu àti Isong, àwọn gómìnà tí wọ́n ti máa ń buwọ́ lu owó, wá jáde lórí ẹgbẹ̀rún náírà ní ọdún 2005.

Títọ́jú àti ṣíṣà jọ

Iṣẹ́ ṣíṣa owó bébà jọ ní ìlànà tirẹ̀ káríayé. Ará Jámánì kan, Albert Pick, ló bẹ̀rẹ̀ ìwé àkójọ tó fún owó bébà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà Pick yìí sì ni olùtà àti olùrà fi ń yé ara wọn títí dòní. Ẹgbẹ́ International Bank Note Society ti wà láti ọdún 1961. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu iye owó kan: bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó, bí ara rẹ̀ ṣe dá tó, àti ohun tó yà á sọ́tọ̀, bí ìbuwọ́lùwé tàbí nọ́ńbà tó ṣe kókó. Pọ́n-ùn márùn-ún ti 1958 tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣòro rí, nítorí owó ńlá ni nígbà náà, ẹni tó lè fi í sílẹ̀ láìná kò pọ̀.

Ọ̀pọ̀ owó àtijọ́ ló bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wọn. Ẹnì kan yóò fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹlòmíràn yóò lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, ẹlòmíràn yóò fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Gbogbo rẹ̀ ló ń pa bébà àti yíǹkì. Ohun tó tọ́ kò le: kí a má ṣe ká a, kí a fi sínú ọ̀rá tó dára tí kò ní kẹ́míkà tó ń jẹ bébà, kí a gbé e jìnnà sí oòrùn, ọ̀rinrin àti ikán. Kí a sì kọ sínú ìwé mìíràn, kì í ṣe sára owó, ẹni tó ni ín, ibi tó ti rí i àti ọdún tó gbà á.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ṣì ní àpótí ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú. Ṣílè mẹ́wàá lè wà láàárín ewé Bíbélì, pọ́n-ùn kan lè wà nínú ìdì aṣọ òfì, náírà ẹlẹ́pà lè wà nínú ìwé ìfowópamọ́ àtijọ́. Kí àwọn ọmọ má dà á nù bí ìdọ̀tí, kí wọ́n má sì sáré tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dúnàá dúrà. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà tó kù, ẹ sì fi èyí tó bá ṣọ̀wọ́n han ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí ilé ìkàwé yunifásítì tó súnmọ́ yín. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn yunifásítì wa náà ní àkójọ tiwọn, kí ọmọ iléèwé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè rí pọ́n-ùn ọdún 1958 láìjẹ́ pé ó rìn dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.